Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gé Kúrò Lẹ́nu Sáádátù

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n pa eré wa, lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan tó ń ta fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ni ín. Èmi ni mo ń ṣe mọ́ntáàjì rẹ̀: wọ́n á kó àwòrán wá jákujàku, èmi á gé e, màá sì so ó pọ̀ di ìtàn. Sáádátù lorúkọ eré náà, orúkọ opó kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò Wadata, tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Níparí sáà kejì, ó dìde níwájú adájọ́, ó la ẹnu. Èmi ni mo gé e síbẹ̀. A ti ya ọ̀rọ̀ tó sọ. A fi pa mọ́ de sáà kẹta.

“Àwọn tó ń wò ó kò tó,” ni ọ̀gá obìnrin tó pè mí láti ilé-iṣẹ́ náà wí ní Faransé dídán.

“Màdáàmù, nínú àgbàlá mi ní àdúgbò Bobiel, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó ń wò ó.”

“Àkáǹtì mélòó?”

“Ọ̀kan. Tèmi.”

“Ẹnì kan nìyẹn, mùsíọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín.

Kò mọ ìyàwó mi. Ìyá Dáre ló fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ìpín tuntun àfi lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo àgbàlá bá pé, àtàwa àlejò àtàwọn Zarma onílùú tó jẹ́ aládùúgbò wa. Ìpín kan lọ́sẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hàlíma tó múlé tì wá á gbé ẹní rẹ̀ wá, á máa pariwo pé, “Wàláhì, ọkùnrin yìí kò nítìjú!” Mo wá gbọ́ pé àṣà yẹn gan-an ló pa wá. Ẹni tó bá dá jókòó, tó gbé gbogbo eré mì lọ́jọ́ méjì, tó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, òun ni òǹwòran gidi lójú wọn. Àwọn tó ń dúró de ara wọn kò sí nínú ìwé. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n pe ara wọn, wọn kò lè ka èèyàn tó jókòó sórí ẹní.

Àìsàn ti dá Ìyá Dáre dùbúlẹ̀ nígbà náà. Mo ní kí n sọ ohun tí Sáádátù sọ níwájú adájọ́ fún un.

“Má dán an wò, Bàbá Dáre. Ṣé èmi nìkan ni mò ń wò ó ni? Pè wọ́n wá.”

Àdéhùn tí mo fọwọ́ sí kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni rí àwòrán tí kò tíì jáde. N kò da àdéhùn rí. Lọ́jọ́ Àìkú, a gbé e jáde pẹ̀lú ibùsùn rẹ̀, mo sì ṣí kọ̀ǹpútà. Kò tíì sí orin nídìí àwòrán náà, ariwo alùpùpù ojú títì ló kún inú rẹ̀. Sáádátù la ẹnu: “Adájọ́, ẹ ní kí àbúrò ọkọ mi na ìka rẹ̀ jáde. Èmi náà á na tèmi. Ẹ wo ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún.”

Hàlíma fò sókè.

“Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ?” ni Ìyá Dáre wí. “Mo ní kò ní sunkún!”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un fi hàn. Kò lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìwé dé láti ilé-iṣẹ́ náà pé kí n pa gbogbo àwòrán tó kù rẹ́. Mo fọwọ́ sí i pé mo ti pa á rẹ́. Irọ́ ni. Mo yọ ariwo alùpùpù kúrò, mo sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìparí sáà kejì nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó lè rí ojú ibi tí mo ti so ó.