Oúnjẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tọ́ Wò

Òórùn wàrà tútù tó ń hó lórí sítóòfù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, wàrà àti ìrẹsì àti èso gbígbẹ kékeré kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn fọ́ ataare sínú oyin. Ṣakí ni, nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí ilé ẹ̀kọ́ girama pọ̀ ju olùkọ́ lọ, tí ìjọba wá ń kó tíṣà wá láti Gánà àti Íńdíà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Èmi ni mo ń fọ ìgò, tí mo ń wọn ásíìdì, tí mo sì ń lẹ orúkọ mọ́ ara gbogbo nǹkan. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni tíṣà kẹ́mísìrì, ará Íńdíà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì dì mọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún wa nínú mẹ́ta. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú kí tíṣà tó gbé wa sínú mọ́tò ìjàpá rẹ̀, tó sáré gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí a ṣe wà lọ́hùn-ún, ìyàwó tíṣà ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ nílé: bí ọmọ bá dìde, òun yóò se oúnjẹ ọpẹ́ fún Ọlọ́run òun, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọmọ ti padà wálé, èmi fúnra mi ni mo ń se omi rẹ̀. Mo ń fi aago ọwọ́ wò ó kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, mo ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo sì ń kọ iye ìgbà tó yàgbẹ́ sínú ìwé pélébé kan. Ìyàwó mi ní bí ó bá ṣeé ṣe kí n sẹ́ atẹ́gùn tí ọmọ ń mí sínú, n ó sẹ́ ẹ. Kò parọ́ mọ́ mi.

Tíṣà wá pè wá fún ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo fẹ́ wá àwáwí, ìyàwó mi kò gbà. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Òun ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, nítorí náà èmi àti ọmọ la lọ.

Wọ́n ti sọ yàrá kan nínú ilé tíṣà di ilé ìjọsìn. Kò sí irú rẹ̀ nítòsí, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú wọn tó ń kọ́ni ní Ìsẹ́yìn àti Kíṣí máa ń kóra jọ sí. Àwòrán Ọlọ́run wọn wà lórí tábìlì, òdòdó yí i ká, àtùpà elépo kékeré sì ń jó níwájú rẹ̀. N kò wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń ṣọ́ ọwọ́ ìyàwó tíṣà bí mo ṣe ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nídìí ásíìdì. Ó da ṣúgà sí i, kò tọ́ ọ wò. Ó rò ó, kò tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi pé ẹni tó bá gbé jíjẹ tàbí mímu fúnni ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá kọ̀, ó mọ ohun tó fi sí i.

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, mo fi gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "Ìyàwó ọ̀gá, ẹ ò ní tọ́ ọ wò ni? Bó bá jẹ́ iyọ̀ lẹ dà sí i ńkọ́?"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ kò ní ẹ̀tàn nínú. Ó ní, "A kì í tọ́ ọ wò, Bàbá Ọmọ. Bó bá jẹ́ iyọ̀, Ọlọ́run ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Wọ́n ti wàásù fún wa títí nípa oúnjẹ tí a gbé síwájú òrìṣà, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ìwàásù kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ wò yẹn ni. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ náà wọ yàrá, wọ́n gbé e síwájú àwòrán, wọ́n sì fa kọ́tìnnì bò ó, wọ́n ní kò yẹ ká máa wo ẹni tó ń jẹun. Èmi àti ọmọ wọlé, a jókòó lẹ́yìn. Ọmọ mi ń dá itọ́ mì. Èmi ń ro ohun tó lè máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Nígbà tó yá, wọ́n lu agogo kékeré kan, wọ́n fa kọ́tìnnì sẹ́yìn, ìyàwó tíṣà sì bu oúnjẹ, ó nà án sí ọmọ.

Ọmọ na ọwọ́. Mo gbá a mú ní ọrùn ọwọ́.

Mo sọ fún wọn pé níbi tiwa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn kì í jẹun níta, ilé ni yóò ti jẹ ẹ́. Irọ́ gbuu ni. Ó tó ọdún méjì tí tíṣà ti wà ní Ṣakí, ó sì ti rí ọmọ yẹn tó ń jẹ búrẹ́dì ní yàrá sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó wò mí. Ìyàwó rẹ̀ bá bu oúnjẹ náà sínú abọ́ onídèérí, ó ní kí ọmọ ṣáà jẹ ẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹyọ kan má sì ṣòfò, torí Ọlọ́run ti jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo da oúnjẹ náà sílẹ̀ fún adìẹ. Mo wo aago, mo kọ ọ́ sílẹ̀: agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èrò mi ni pé bí kò bá sí èyí tó kú nínú wọn títí di agogo mẹ́fà, n ó lọ tọrọ òmíràn fún ọmọ. Ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì ni mo pè é.

Kò tíì tó wákàtí kan tí ìyàwó tíṣà kan ilẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ mìíràn dání, ti ìyàwó mi tí kò lè wá. Ó bi mí bóyá ọmọ ti jẹun. Mo ní ó ti jẹ.

Ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Àwọn adìẹ ló jẹ ẹ́, mà."

Yorùbá tí obìnrin náà gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n adìẹ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹran nílé wọn, adìẹ ni wọ́n sì ń fi lọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tó ń kọ̀ ọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé e. Ó rọra lé àwọn adìẹ, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí odó, ó sì kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gígùn tó wé mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ṣa díẹ̀, á fi kan iwájú orí rẹ̀, á sì fi sẹ́nu.

Ọmọ mi lọ kúnlẹ̀ tì í. Òun náà ṣa, ó fi kan iwájú orí bí ó ṣe rí i, ó sì jẹ. Ọmọ tí mò ń se omi fún, tí n kò jẹ́ kó jẹ nínú abọ́ tó mọ́ tónítóní, òun ló ń jẹ ìrẹsì nínú yẹ̀pẹ̀ tí adìẹ ń yàgbẹ́ sí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, n kò fà á dìde.

Nígbà tí wọ́n ṣa á tán, ìyàwó tíṣà dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún ọmọ kó tó gbọn tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ ìyàwó mi fún mi.

Ó ní, "Ó ti jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ́ mi ti pé." Ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ọmọ náà, tí mò ń kọ sínú ìwé. Nǹkan kan kò ṣe é. Tíṣà bi mí lọ́jọ́ Ajé bóyá ọmọ sùn dáadáa, mo ní ó sùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kẹ́míkà fún kíláàsì. N kò bẹ ìyàwó rẹ̀. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó lò, mo ń wá a títí tí wọ́n fi kó padà sí ìlú wọn.

Ọmọ náà ti bímọ báyìí. Ó rántí adùn inú ìrẹsì yẹn, kò rántí yẹ̀pẹ̀. Èmi ni mo rántí rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àgbà ti kọ́ ọgbọ́n nínú irú nǹkan báyìí, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní tèmi, bí wọ́n bá tún fi ọmọ ọdún mẹ́fà kan ṣoṣo yẹn lé mi lọ́wọ́ lónìí nínú yàrá náà, n kò lè búra pé n kò ní tún gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.