Ìyá Onípákó, Ilé Yín Lẹ Ti Sùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé ìrántí ìyá ọkọ mi yìí, ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi dúró, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè yá lẹ́nu mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ lórí ìwé. Ọkọ mi ló ní kí n kọ ọ́, pé èmi ni mo wà lọ́dọ̀ Ìyá títí dópin. Ẹni tó máa bá wa tẹ̀ ẹ́ ní Ìtámága lè tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́, kó má yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi, báyìí lẹ ṣe lọ. Ìyá Onípákó, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹlẹ́ja tí kì í ta ẹja àná fún oníbàárà òní, abiyamọ tó ń gbọ́ ti ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo ṣèèṣì pè yín, ẹ ò dáhùn. Mo gbé omi àlùwàlá yín síbi tí mo máa ń gbé e sí, omi náà wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Ẹkún pọ̀ lójú mi. Síbẹ̀, kí n má purọ́ fún yín, Ìyá, ara tù mí. Ibi tí ẹ fẹ́ kí ikú ti bá yín, ibẹ̀ náà ló ti bá yín.

Kò tíì pẹ́ tí mo wọlé ọkọ. Ọmọ Ìwó làwọn òbí mi, Ìgbògbò ni wọ́n háyà ilé sí, ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rí mi. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí yín ò gùn mọ́, ni ọkọ mi bá ní ká wá máa bá yín gbé ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ ò bi mí bóyá mo mọ ọbẹ̀ ẹja í sè. Ẹ kàn di ọwọ́ mi mú, ẹ mú mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde, sórí pẹpẹ pákó tó yọ sórí omi ọ̀sà, ẹ ní, "Ìyàwó, bọ́ bàtà rẹ. Nínú ilé yìí, ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn ló ń tọ́jú pákó. Èmi náà ṣe é fún ìyá ọkọ mi."

Pákó ìrókò ni. Bàbá ọkọ yín ló kọ́kọ́ kàn án, ọkọ yín tún un kàn, òun àti ọgbà pákó tó yí ilé ká. Gbogbo àdúgbò ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ọgbà tiwọn, tiyín nìkan ló kù tí atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá. Orí pẹpẹ yẹn ni ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń já ẹja fún yín nígbà tí ara yín le. Orí ẹ̀ lẹ ti ń kírun, orí ẹ̀ lẹ ti kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìrìn.

Ẹ kọ́ mi pé bí òjò bá ti dá, kí n ti gbá omi àti ewé kúrò, kí n sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí tó há sáàárín pákó. Bí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù, omi ọṣẹ àti èèpo àgbọn ni, kí n máa fọ̀ ọ́ bí ìlà ara igi ṣe lọ, kí n má fọ̀ ọ́ dábùú. Nídìí ọgbà, kí n máa wa yẹ̀pẹ̀ kúrò lára pákó, nítorí ilẹ̀ ni ikán ń gbà gùn ún. Ọ́ìlì ńkọ́? Ó di ìgbà ọyẹ́, tí igi bá gbẹ dénú. Ẹ ní ẹni tó fi ọ́ìlì pa igi tútù ti ti òjò mọ́lé.

Ẹ kì í fi mí sílẹ̀ kí n dá a ṣe. Ẹ ó jókòó sórí àga, ẹ ó na ọ̀pá yín. "Ìyàwó, igun yẹn ń wò ọ́ o. Ṣé ojú ni kò rí i, àbí ọwọ́ ni kò fẹ́ débẹ̀?" Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Ẹ̀rín ò fọ pákó."

Onítìjú ni mí, gbogbo ilé ló mọ̀. Ibi tí mo ti ń fọ pákó ni ẹnu mi ti là. Ojú mi á wà nílẹ̀, ọwọ́ mi á máa ṣiṣẹ́, n ò ní í wò yín, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún yín pé ẹ̀rù àwọn ará ilé ọkọ mi ń bà mí, pàápàá Adúmáadán. Adúmáadán lorúkọ tí mo sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àkọ́bí yín, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Wọ́n ń ta kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì ní Ìtámága, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní iwájú ilé, ẹni tó wà lórí omi á gbọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ohùn ẹ̀ ló tóbi. Ọkàn ẹ̀ rọ̀ ju tìẹ lọ." N ò gbà nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kàn wọ́n, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí n kọ ọ́, kí n má fi wọ́n pamọ́.

Kí n tó wọlé, nígbà tí òjò pọ̀, Adúmáadán ti gbé kápẹ́ẹ̀tì kan wá láti ṣọ́ọ̀bù wọn, èyí tó dà bíi koríko. Wọ́n tẹ́ ẹ síbi tí àga yín máa ń wà kí ẹsẹ̀ yín má baà yọ̀, wọ́n sì fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìfẹ́ ni. Èmi a máa fọ ibi tó ṣẹ́kù, n kì í fọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo bi yín nígbà kan pé ṣé ká má ṣí i wò. Ẹ ní, "Ọmọ mi ló fún mi. Ṣé wọ́n ń ká ẹ̀bùn ọmọ nílẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kan Adúmáadán wá kí yín. Ẹ dìde láti sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ni ọ̀pá yín bá gba inú kápẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀, ó rì lọ sínú pákó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ mi wà lápá yín. Adúmáadán gbá yín mú.

Wọ́n ní, "Ó tán. Pákó yìí ti kú. Ìyá, Sátidé tó ń bọ̀ mò ń gbé mọ́tò wá, ẹ ń bá mi lọ Ìtámága."

Ẹ ní, "Ìtámága dára. Ibo ni omi wà níbẹ̀?"

"Omi ẹ̀rọ wà nínú ilé, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé omi ẹ̀rọ wà."

Ẹ ò jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún mi pé, "Ìyàwó, n ò bẹ̀rù ikú. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kó bá mi níbi tí n ò mọ ojú fèrèsé." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ ní kí n wá bá yín ká kápẹ́ẹ̀tì. Mo tu ìṣó ẹ̀, mo ká a. Òórùn tó jáde, mo fi ìborùn bo imú. Abẹ́ ẹ̀ dúdú, ó tutù, olú kéékèèké ti hù síbẹ̀. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, mo ti rò pé Ìtámága lẹ ń lọ nìyẹn. Ẹ ní kí n mú ọ̀bẹ wá, kí n máa gún pákó níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lábẹ́ àga yín gan-an ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ọ̀bẹ ò wọlé mọ́. Ìdọ̀tí ló bo ìyókù, inú ẹ̀ le koko. Mo gbójú sókè wò yín, mo rí i pé ẹ̀yin náà ti di èémí mú látẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ní, "Omi kì í pa igi, Ìyàwó. Omi tí kò rọ́nà lọ ló ń pa á."

A fọ̀ ọ́. A jẹ́ kí oòrùn pa á. Ọkọ mi pe káfíńtà, ó pààrọ̀ èyí tó jẹrà, ó fi àlàfo sáàárín bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ kìlọ̀ fún mi pé, "Bí ọmọ mi bá dé, má sọ pé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló fà á o. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá ẹ̀, a kì í fi ẹ̀bùn ẹ̀ nà án." Ọkàn mi dàrú. Bí a ò bá sọ ọ́, Adúmáadán á ní pákó ti gbó, kò ní í pẹ́ tó máa tún já, wọ́n á sì gbé yín lọ. Bí a bá sì sọ ọ́, inú yín ò ní í dùn. N ò rí oorun sùn títí ó fi di Sátidé.

Adúmáadán dé pẹ̀lú mọ́tò. Wọ́n gbé báàgì òfìfo lọ́wọ́ fún aṣọ yín. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dúró. Wọ́n wo pákó, wọ́n wo kápẹ́ẹ̀tì níbi tí mo sá a sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ìdí ẹ̀ dúdú, olú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Wọ́n rọra ní, "Ìyá, àbí kápẹ́ẹ̀tì mi ni?"

Ẹ ní, "Kápẹ́ẹ̀tì ẹ dára. Pálọ̀ ló yẹ ẹ́."

Ẹ̀rín pa Adúmáadán títí ó fi di ẹkún. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rin pẹpẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀kan láti dán an wò. Ẹ ní, "Yéé fò, ìwọ ò kéré mọ́." Pákó gbé wọn ró. Ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, wọ́n ní, "Ẹ dúró síbí, Ìyá. Èmi ni màá máa wá." Mo sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún, kí wọ́n má baà rí mi. Báàgì yẹn, ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi gbé lọ sílé.

Wọ́n sì ń wá lóòótọ́. Ọyẹ́ dé, igi gbẹ, èmi àti Adúmáadán la jọ fi ọ́ìlì pa pákó àti ọgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa mú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ń na ọ̀pá sí àwa méjèèjì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ nípa ọkàn wọn.

Ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹ kírun Àsárì tán, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa pákó, ẹ ní, "Ìyàwó, ibí yìí gbẹ dáadáa." Ẹ ní kí n bu omi wá. Nígbà tí mo fi dé, ẹ ti fẹ̀yìn ti àga, ojú yín kọ sí ọ̀sà, ọwọ́ yín wà lórí itan. Ara yín kò gbọ̀n, ẹ ò jẹ̀rora. Nígbà tí wọ́n sin yín tán, Adúmáadán dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ká ní mo gbé wọn lọ ni, kí ni ǹ bá máa sọ fún ara mi lónìí?" Mo ní, "Ẹ ò gbé wọn lọ, ọkọ mi." Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ó tó wa.

Àwọn ọmọ yín ti fẹnu kò pé a ò ní í wó ọgbà náà, a ò ní í fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò ẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la máa wà níbí. Mo ṣì ń tijú, Ìyá, ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí mo wà báyìí, mo sì ní ìrètí pé Ọlọ́run á jẹ́ kí n gbó síbẹ̀ bíi tiyín. Kí Ọlọ́run fi Alùjáńnà kẹ́ yín.

Ẹ sùn dáadáa, Ìyá Onípákó. Ẹ sùn re, ẹ̀yin tí ẹ ò sùn nílé àjòjì. Àwọn àáfáà ti dé fún àdúrà, orí pẹpẹ ni wọ́n fẹ́ jókòó sí, Adúmáadán sì ń fi ohùn wọn yẹn pè mí látẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ìwọ là ń dúró dè o, a ò ní í bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹ," mo ní mò ń bọ̀, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n parí ìlà kan yìí.