Ẹ Má Fọn Fèrè

Bàbá mi, Olútìmẹ́hìn, ń wa áńbúláǹsì ní Ìdànrè. Ohun tó máa ń sú u jù nínú iṣẹ́ náà ni pé ọkọ̀ òkú ni àwọn ará ìlú ń pe ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti fọn fèrè rẹ̀ lójú títì báyìí, àwọn obìnrin á ti ká ọwọ́ lérí.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá Ọlọ́runyọmí já bọ́ láti orí igi obì, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Ẹwàolúwa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó, ṣètò bàálù kékeré kan tí yóò wá gbé e ní Àkúrẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Èkó. Ṣùgbọ́n bàálù náà gbọ́dọ̀ gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kò sí iná ní pápá bàálù ibẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi dé ilé wọn ní Odode, ìyàwó bàbá náà dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ mi ò ní wọ ọkọ̀ òkú!"

"Màmá, aláìsàn ni mo wá gbé."

"Èyí tí o gbé ní Sátidé ńkọ́? Ṣé aláìsàn nìyẹn náà?"

Bàbá mi wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tún fò dìde. "Màmá, ẹ wò mí. Ṣé mo kú?"

Ẹ̀rín pa àwọn aládùúgbò. Màmá wọ́n omi àdúrà sí gbogbo ọkọ̀ náà, títí dé orí táyà, kí ó tó gbà.

"Àmọ́ o ò gbọdọ̀ fọn fèrè o. Wọ́n á ní ọkọ mi ti kú."

"Màmá, torí fèrè yẹn ni wọ́n ṣe ń yà fún wa!"

"Fi họ́ọ̀nù bẹ̀ wọ́n."

Wọ́n gbé bàbá sínú ọkọ̀, màmá sì bá wọn lọ. Láti Aládé, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ni wọ́n ti ń wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó kòkó. Bàbá mi tẹ họ́ọ̀nù títí, awakọ̀ iwájú kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹwàolúwa ń pè ṣáá lórí fóònù: "Ẹ dà? Oòrùn ti ń wọ̀ o!" Bàbá mi wo ibi tí wọ́n ti ń tẹ fèrè, ó wo màmá, ó mí kanlẹ̀.

Bàbá Ọlọ́runyọmí, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ilé, ló pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Olútìmẹ́hìn, fọn nǹkan yẹn jàre! Ṣé kí n kú torí kí wọ́n má baà ní mo kú ni?"

Bàbá mi fọn ọ́n. Kíá ni ọkọ̀ kòkó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ rẹ̀ sì ṣí fìlà.

"Kí ló ń ṣí fìlà fún?" ni màmá bi í.

"Ó ń kí yín ni, Màmá."

Abẹ̀bẹ̀ bàálù ti ń yí nígbà tí wọ́n dé Àkúrẹ́. Ó gbé bàbá àti màmá, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó gbéra.

Nígbà tí bàbá mi padà sí Odode pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, ẹkún àwọn tó ti gbọ́ ìròyìn fèrè náà ló bá lẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Ẹ dákẹ́! Bàálù ti gbé e lọ sí Èkó."

Aládùúgbò kan nu ojú. "Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n á wá sin ín sí?"

Bàbá mi padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fọn fèrè náà sí wọn létí.