Ewúrẹ́ Wọ Ìwé, Ọ̀rẹ́ Mi Kò Wọ̀ ọ́

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé àgbà kì í bínú, kó lọ jókòó síbòmíràn. Ìwé kan wà lórí tábìlì mi níbí, nílùú Ọ̀yọ́, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọ̀gá ṣọ́jà. Ìtàn sukúádírọ̀ọ̀nù wa ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, ìyẹn agbo bààlúù tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà ogun abẹ́lé. Nínú ìwé ńlá yẹn, ewúrẹ́ kan gba ojú ìwé kan àbọ̀. Àwa tí à ń rọ epo sí bààlúù nínú, tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, tí à ń nu gíláàsì iwájú kí awakọ̀ má baà dà bí afọ́jú lójú sánmà, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: pé àwọn òṣìṣẹ́ orí ilẹ̀ náà gbìyànjú. A gbìyànjú! Ewúrẹ́ tí wọ́n wá ń kọ ìtàn rẹ̀ yẹn ńkọ́? Kò sí ewúrẹ́ kankan. Èmi ni mo fi ẹnu mi dá a.

Kì í ṣe ti ewúrẹ́ ló dùn mí jù o. Ohun tí wọ́n kọ nípa ọ̀rẹ́ mi ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń jó mi nínú. Wọ́n pè é lólè epo. Irọ́ gbáà ni, èmi tí mo mọ irọ́ ni mo ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Lókè Ọya la wà nígbà ogun náà. Inú dúrọ́ọ̀mù ni bẹntiróòlù bààlúù máa ń wà, òjò á sì máa pa dúrọ́ọ̀mù, omi á máa yọ́ wọlé. Bí omi bá bá epo wọ inú bààlúù, ẹ́ńjìnnì á kú lókè, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ibi tí èèyàn ti lè sọ̀ kalẹ̀ lọ ti mọ́tò lókè yẹn. Nítorí náà, a máa ń tẹ́ awọ òyìnbó kan sí ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì, awọ rírọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Epo á kọjá nínú rẹ̀, omi á dúró sókè. Iṣẹ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Òun ló sì máa ń buwọ́ lu ìwé pé bààlúù ti pé láti fò, nítorí ìwé tirẹ̀ ju tèmi lọ. Èmi, kíláàsì kẹrin ni mo ti fi olùkọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pàṣán rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, awọ òyìnbó náà ya. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀ láti Èkó. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ ni mí, bàbá mi ń ṣe àpò àti tìmùtìmù tí àwọn ìjòyè ń jókòó lé. Mo ní, "Ta ló ń wá awọ lọ sí Èkó nígbà tí èmi wà níbí?" Awọ ewúrẹ́ pupa kan wà nínú àpótí mi tí bàbá mi fi pòròpòrò pa láró. Mo fá a títí ó fi fẹ́lẹ́, mo gé e róbótó, mo tẹ́ ẹ sẹ́nu fọ́nẹ́ẹ̀lì, mo rọ epo. Epo kọjá. Mo na àyà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá bààlúù sílẹ̀.

N kò mọ̀ pé òróró ni òyìnbó fi ń ṣe tiwọn, ó sì ń kọ omi. Tiwa, inú omi la ti ń ṣe é. Omi ni ìyá rẹ̀. Báwo ló ṣe máa lé ìyá rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà?

Ọ̀rẹ́ mi dé láti ibi oúnjẹ, ó rí awọ pupa. Kò bá mi jà. Ó mú kẹ́ẹ̀gì, ó tú ìdí táǹkì, ó fa díẹ̀ síta kó lè wò ó. Ibẹ̀ ni sájẹ́ǹtì bá a, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lọ́wọ́.

"O ń jí epo!"

"Sà, omi ló wà nínú ẹ̀. Mi ò ní buwọ́ lùwé."

"Báwo ni omi ṣe wọbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo wo bàtà mi. Lójú ogun, ẹni tó bá ba bààlúù jẹ́, ìbọn ni wọ́n ń fi bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ mi. Wọ́n tì í mọ́ gádírúùmù, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jalè, pé ó tún kọ àṣẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ ṣíná sí bààlúù, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú sórí ilẹ̀. Wọ́n tú táǹkì, omi yọ. Gbogbo ènìyàn ń yin awakọ̀ pé etí rẹ̀ mú. Ta ló rántí ẹni tó wà ní gádírúùmù? Ìwé tirẹ̀ ti gòkè lọ. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ láìsí kọ́bọ̀.

Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìrẹsà. Onítẹ̀bọmi ni, ẹni tí kì í mutí, tí kì í purọ́, ẹ sáà wo irú ẹni tí Ọlọ́run fi ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọ rẹ̀ fẹ́ fi í jẹ díákónì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni àgbà kan nínú ìjọ dìde tó ní, "Ṣé ti ẹni tó jí epo ìjọba lẹ̀ ń sọ?" Bí ọ̀wọ́n epo bá dé, àwọn ará àdúgbò á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n lọ bá Baba Kẹ́ẹ̀gì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń rí i.

Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ti dé, tí gbogbo wa ti ń fi ẹ̀kọ tútù tan ara wa, ni mo gba lẹ́tà pé àwọn ọmọ ogun òfurufú ń kọ ìtàn sukúádírọ̀ọ̀nù wa, ọ̀gá kan yóò wá gbọ́ tẹnu mi. Wọn kò kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí wọ́n lé kò sí lára àwọn tó fẹ̀yìn tì. Mo wọ mọ́tò lọ bá a. Abẹ́ lọ́rì ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Ọ̀yọ́ onírọ́," ó sọ ọ́ láti abẹ́ lọ́rì, "ìwọ nìkan ló kù tó wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, sọ ti awọ fún wọn. Ìyókù, máa pa irọ́ rẹ bó o bá ṣe fẹ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ogun ti tán. Kò sẹ́ni tó máa yìnbọn fún ọ mọ́. Bó bá ti wà nínú ìwé, màá gbé e síwájú ìjọ."

Mo ní ó ti parí.

Ọ̀gá náà dé pẹ̀lú téèpù, ọ̀dọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú ìjókòó, Baba." Gbogbo ilé wa jáde. Àwọn aládùúgbò jókòó sórí ẹní. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni irú mi ṣe máa rí èrò báyẹn kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́? Mo ní ọyẹ́ kan mú lókè Ọya tó ki débi pé a ń fi ṣẹ́ẹ̀tì wa kọ́ ara rẹ̀. Mo ní mo fi eyín di ìrù bààlúù kan mú lọ́jọ́ tí búrékì rẹ̀ já. Mo ní ewúrẹ́ kan wà ní bárékè wa tó ń gbọ́ ìró bààlúù ọ̀tá kó tó dé, tí wọ́n fi jẹ kọ́púrà, tó ń fi ẹsẹ̀ òsì kí ọ̀gá. Ọ̀gá téèpù ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́.

Ìgbà tó yá mo ní, "Ẹ dákẹ́ báyìí, èyí tó kàn, òótọ́ ni." Mo sọ ti awọ tó ya. Mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ ti gádírúùmù. Ọ̀gá náà jókòó dáadáa, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣùgbọ́n Baba, tí wọ́n bá ń fi awọ sẹ́ epo, báwo ni omi ṣe wá kọjá?"

Mo gbójú sókè. Àwọn oníbàárà mi tó ń ra iṣẹ́ awọ lọ́wọ́ mi wà níbẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi tí a jọ ń pín ìsọ̀ wà níbẹ̀, tìmùtìmù pupa tí bàbá mi rán ni ọ̀gá náà sì jókòó lé. 

"Ewúrẹ́ yẹn náà ni," mo ní. "Ó jẹ awọ náà."

Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Ọ̀gá náà nu omijé, ó pa téèpù. Ó ní òun kò tíì gbádùn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń rìn káàkiri.

Ìwé dé lẹ́yìn bí ọdún kan. Olùkọ́ kan tó gba yàrá nílé wa ló kà á fún mi, nítorí èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Kọ́púrà Ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Awakọ̀ tó gbọ́ ikọ́ ẹ́ńjìnnì náà ti di ẹni ńlá, òun ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ? Pé títí òun yóò fi kú, òun kò ní gbàgbé ewúrẹ́ yẹn, pé ó ti kí òun rí! Ewúrẹ́ tí mo dá lórí àga mi ní Ọ̀yọ́! Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí tí etí awakọ̀ gba bààlúù là, wọ́n ti mú òṣìṣẹ́ kan tó ń jí epo. Wọn kò tún bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣí ìwé àtijọ́ tí sájẹ́ǹtì kọ, wọ́n dà á kọ. Mo ní kí olùkọ́ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn. Èsì dé: ìwé ti jáde, kò ṣe é tún ṣe, àmọ́ gbogbo ọ̀gá ló ń kí mi, wọ́n ní ṣé ìtàn ewúrẹ́ mìíràn ṣì wà.

Mo gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbé iṣu síwájú mi. Ọ̀rẹ́ mi fi gíláàsì sójú, ó kà á, ó pa á dé.

"Ewúrẹ́ ló jẹ awọ."

Mo tún wo bàtà mi.

"Awọ pupa tí bàbá rẹ pa láró, tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ gé, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni, Baba Ọ̀yọ́? Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, kò sọ pé ẹ̀yin ni." Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé àwo iṣu kúrò níwájú mi. N kò tíì fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ọ̀nà dé Ọ̀yọ́ ni mo fi ń bú àwọn akọ̀wé yẹn. Mo bú awakọ̀, mo bú sájẹ́ǹtì, mo bú ẹni tó ta íńkì fún wọn. Mo délé, èébú tán, ó wá ku èmi nìkan nínú yàrá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ti dé ìsọ̀ mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ mi kí ṣọ́ọ̀ṣì tó túká. Mo gé awọ ewúrẹ́ pupa kan, mo fá a fẹ́lẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Mo bá a mú awọ òyìnbó tó fi ń nu mọ́tò. Mo to fọ́nẹ́ẹ̀lì méjì sórí ìgò méjì, mo da omi mọ́ bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Àwọn onísìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá pẹ̀lú Bíbélì lábíyá.

"Ẹ wò ó, Baba Ọ̀yọ́ ti dé! Ẹ wá gbọ́ irọ́ tuntun!"

Wọ́n pagbo. Àgbà tó máa ń dìde nínú ìjọ yẹn dúró síwájú pátápátá. N kò sọ̀rọ̀. Mo rọ ọ́ sínú awọ òyìnbó: epo kọjá, omi jókòó sókè, ó ń gbọ̀n bí ojú ẹja. Mo rọ ọ́ sínú awọ Ọ̀yọ́. A dúró. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ dà? Epo kọjá, lẹ́yìn náà omi ń kán, tó, tó, tó, pẹ̀lú àwọ̀ pupa.

"Èmi ni mo tẹ́ awọ yìí sẹ́nu bààlúù," mo ní. "Ọkùnrin yìí fa epo síta kó lè wo omi tí mo jẹ́ kó wọlé. Wọ́n pè é lólè, mo sì wo bàtà mi."

Àgbà náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé fọ́nẹ́ẹ̀lì, ó fi ìka gba omi pupa tó ń kán nídìí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ tún un ṣe," ó ní.

Mo tún un ṣe.

"Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ rọra o, ẹ̀yin èèyàn," ọ̀rẹ́ mi ké láti ẹ̀yìn, "epo mi lẹ̀ ń dà nù!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àgbà náà na ara rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́ sí aṣọ ìsìn rẹ̀, àbàwọ́n pupa hàn níbẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó ṣí fìlà. "Díákónì," ó ní, "ẹ kú ìfaradà." Wọn kò tíì fi í jẹ nígbà yẹn o. Òun ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èrò túká, ọ̀rẹ́ mi mú awọ pupa náà, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó nà án sójú oòrùn, ó wo ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ọ̀yọ́," ó ní, "awọ bàbá rẹ dára. Fún àpò."

Èsì mẹ́fà ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé gbogbo wọn mì, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti inú ilé pẹ̀lú àwo iṣu.