Gàrí Tí Mo Kó Fún Adìẹ

Gàrí gbígbóná ń ta sánsán nínú àgbàlá wa ní Ẹ̀rúnmu lọ́jọ́ tí mo dalẹ̀ ọmọ-ọmọ mi. Ẹgbẹ́ kan wà nílé-ìwé wọn nígbà náà tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí á sì máa darí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi yìí ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Gàrí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ síbi ìdíje àwọn ilé-ìwé ní Ìyànà Ọ̀fà, òfin ibẹ̀ sì ni pé àgbàlagbà kankan ò gbọdọ̀ bá wọn fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n wá yan gàrí náà nílé wa, ọmọ náà gbé omi àti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó ní ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Mo pòṣé. Èmi tí mo ti ń yan gàrí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, gàrí tiwọn dì kókó, ó tún jóná díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú ti ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ kejì báyìí, mo yan òmíràn, mo rọ ọ́ sínú ọ̀rá wọn, mo wá kó tiwọn sínú àpò oúnjẹ adìẹ. Inú mi ń dùn, mo rò pé mo gbọ́n.

Mo tẹ̀lé wọn dé ibi ìdíje. Ọmọ mi tú ọ̀rá kan níwájú àwọn olùkọ́ tó ń ṣe ìdájọ́. Ó bu gàrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó wá wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè mi wé.

"Ìyá àgbà, gàrí wa dà?"

"Ṣé òun kọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?"

"Ìyá àgbà!"

"Ó wà lọ́dọ̀ adìẹ."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àwọn olùkọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, àwa kọ́ la yan èyí, ìyá mi àgbà ni." Obìnrin kan láàárín wọn bi í pé kí ni ọ̀gá á wá ṣe sí irú ìyá bẹ́ẹ̀.

"Mà á gbà wọ́n síṣẹ́ ni, mà. Wọ́n mọ̀ ọ́n yan jù wá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á máa fọwọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ òfin lòfin, ilé-ìwé mìíràn ló borí. Lórí ọ̀kadà tá a gùn bọ̀ wálé, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi: "Ọ̀la lẹ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Lónìí, ó ti ní ibi tó ti ń yan gàrí ní Adégbayì. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní ọ̀gá, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá dé, á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, á béèrè bóyá orúnkún mi ti ń sàn. Bó bá ti dìde tán, á nawọ́ sí ibi tí omi àti ọṣẹ wà.