Ìbéèrè Tí Mo Gbé Lọ sí Ìpàdé Iléṣà

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a lọ sí ìpàdé Iléṣà nígbà tí Ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí, tí ó sì ní n kò gbọdọ̀ yá Ràbíátù ní ìwé mọ́.

Èmi ni tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé ìjọ ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú yàrá ìwé àwọn ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé ńlá ni. Yàrá kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù méjì, ẹní àti bẹ́ǹṣì kan. Àwọn ìwé tí kò gbọdọ̀ jáde, ìwé ajókòó ni a ń pè wọ́n. Àwọn tí ọmọ lè gbé lọ sílé, ìwé arìnrìn-àjò. Arìnrìn-àjò a máa dé tòun ti epo àkàrà lójú ewé, ìgbà mìíràn a dé pẹ̀lú ojú eyín ewúrẹ́ létí. Èmi a jókòó, n ó fi lẹ́ẹ̀ gbáàgúdá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ràbíátù jẹ́ ọmọ Búráímọ̀ aránṣọ. Ó ti wà ní kíláàsì mi rí. Ohun tó mú kí baba rẹ̀ yọ ọ́ kúrò ni pé tíṣà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Rákélì. Baba náà kò jà, kò sì pariwo. Ó kàn wá lọ́jọ́ kan, ó kí wa dáadáa, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní òun ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, orúkọ yẹn sì tó o. Láti ìgbà náà ni Ràbíátù ti ń bá ìyá rẹ̀ kiri iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á tán nírọ̀lẹ́, yóò gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwé, yóò sì wọlé wá kàwé. Mo ń yá a ní arìnrìn-àjò bí mo ṣe ń yá àwọn yòókù. Ẹnìkan rí i, ó lọ sọ fún Ọ̀gá.

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ ìjọ ló dáwó ra ìwé wọ̀nyí, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé ni wọ́n sì rà á fún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Iléṣà, níbi tí àwọn tíṣà tó ń tọ́jú ìwé láti ìlú gbogbo ti fẹ́ pàdé. Ó rò ó díẹ̀.

"Ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò sí ni a ó ṣe," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní rárá, Tíṣà Dọ́kásì, n kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Mo gbà. Kí n tó wọ lọ́rì, mo yà lọ́dọ̀ Búráímọ̀. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa kàwé. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní òun kò bá ìwé jà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tí òun kò mọ̀ ni òun ń bẹ̀rù.

Lọ́rì gbé wa gba Àrámọkọ. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè Ẹfọ̀n, dẹ́rẹ́bà ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, kí a fẹsẹ̀ gùn ún, kí ọkọ̀ lè rọ́nà gòkè. Bí mo ṣe ń rìn ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ ní ìpàdé wúyẹ́wúyẹ́, tí obìnrin kan tó ru adìẹ fi bi mí pé àdúrà kí ni mò ń gbà tó gùn tó báyìí.

Ìpàdé náà dùn mọ́ mi. Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, a sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń dènà ikán àti bí a ṣe ń fi òwú àti abẹ́rẹ́ gán ìwé tó tú, mo sì rí i pé ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe tèmi kò burú rárá. Ní ọjọ́ kejì, Alága, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ darúgbó, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Mo dìde. Dípò kí n sọ pé "ilé ìwé," "ulé ìwé" ló jáde lẹ́nu mi bí a ṣe ń pè é nílé. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n ti wá mọ ibi tí mo ti wá báyìí, kí wọ́n jọ̀wọ́ gbọ́ ohun tí mo bá wá. Mo sì rò ó fún wọn.

Ọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta, tó wọ kóòtù dúdú, ní bí a bá ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò sí nílé-ìwé, láìpẹ́ ìwé kò ní kárí àwọn tó wà níbẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Màmá kan tó ń tọ́jú ìwé ní Iléṣà níbẹ̀ fèsì pé ikán tó jẹ ìwé òun lọ́dún tó kọjá, òun kò rántí pé ó forúkọ sílẹ̀ nílé-ìwé kankan. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Alága ló wá kọjú sí mi. "Kí ni baba ọmọ náà wí?"

Mo sọ ọ́ fún un bí Búráímọ̀ ṣe sọ ọ́.

"Ṣé ó mọ ìwé kà?"

"Rárá, sà."

"Ta ni yóò wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un?"

"Ọmọ rẹ̀ ni, sà," mo ní. "Kí baba wá jókòó ní yàrá ìwé, kí ọmọ ka ìwé náà sí i létí kí wọ́n tó gbé e lọ. Èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó fi í sílẹ̀."

Ará Abẹ́òkúta ní bí òbí bá lè wá fúnra rẹ̀, tó sì ṣe onídùúró fún ìwé náà, òun kò ní àtakò. Orí èyí ni ìpàdé fẹnu kò sí.

Ọ̀gá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó wá ku Búráímọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́, n kò rí i, Ọ̀gá sì ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní nǹkan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo rí i níta pẹ̀lú Ràbíátù. Ó bi mí bóyá ó di dandan kí òun gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Mo mú un gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú rẹ̀ le. Ràbíátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọdẹ kan tí ajá rẹ̀ sọnù nínú igbó. Nígbà tí ọmọ náà dé ìsàlẹ̀ ewé, tó dúró kí ó mí, baba rẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì.

"Ajá náà ńkọ́?" ó ní.

Mo yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù kí ó má bàa rí ẹ̀rín mi. Wọ́n gbé ìwé náà lọ sílé.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òbí mìíràn wá: alágbẹ̀dẹ kan, ìyá kan tó ń pa aró, àti àgbẹ̀ kan láti Igbemọ tó ń wá ní ọjọ́ ọjà. Mo lọ sí ìpàdé púpọ̀ sí i, wọn kò sì fi ohùn mi rẹ́rìn-ín mọ́; ṣe ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é ní Adó.

Nígbà tó yá, ó kan ìlú wa láti gba ìpàdé náà lálejò. Bí àwọn àlejò ṣe ń wo yàrá ìwé ni Búráímọ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alága, ó ní, "Bàbá, ẹjọ́ Tíṣà wa ni mo wá rò fún yín. Ìwé ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Ọmọ mi ti kà wọ́n tán, àbúrò rẹ̀ náà sì ti fẹ́ẹ̀ kà wọ́n tán."

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn ni a pinnu pé àwọn ìlú yóò máa fi àpótí ìwé ránṣẹ́ sí ara wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n sì máa ń bi mí nípa ohun tí mo fi iṣẹ́ náà ṣe. Àpótí yẹn ni mo máa ń sọ fún wọn.

Èyí àkọ́kọ́ ti Iléṣà wá. Wọ́n fi okùn dì í pinpin. Mo ṣì ń wá ọ̀bẹ nígbà tí Búráímọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ́wọ́, òógùn lójú. Ẹnìkan ti sọ fún un pé lọ́rì ti dé. Kò dúró kí n ní kí ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ ti àpótí náà, ó sì gé okùn náà.