Tábìlì Abẹ́ Fáànù

Bí mo bá rántí tábìlì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, inú ṣì máa ń bí mi. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé ni, nítòsí géètì èbúté Warri, tí àwọn éjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde máa ń gbé ìnfọ́ísì àti ìwé ẹrù wá. Èmi ni mo ń tẹ̀ wọ́n. Fáànù wà lókè tábìlì mi, àyè sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí mo ń tẹ́ ẹní sí fún ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Mádàámù tó ni ṣọ́ọ̀bù ti sọ ọ́: ibẹ̀ nìkan ni ọmọ lè wà. Níwájú, nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ooru ni, ẹsẹ̀ oníbàárà sì ni.

Ìgbà náà ni Mádàámù gba ọmọbìnrin kan tó ti Èkó dé, ó fi í sídìí fọ́tòkọ́pì níwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni iléeṣẹ́ epo gbé wá sí Warri, ó sì bá a wá. Kò lọ́mọ, kò lọ́kọ, ó ní laptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Èmi, ọwọ́ ni mo fi ń to ìwé: màá fi àyè sí i, màá fa ìlà, màá tì í sókè, màá tì í sísàlẹ̀. Òun kì í to nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń kọ, á wá fi àmì síwájú rẹ̀: èyí ni àkọlé, èyí ni àtẹ ọjà, ibí ni wọn yóò buwọ́ lù. Bó bá parí, á tẹ bọ́tìnnì kan, ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì to ìwé náà fúnra rẹ̀.

Oníbàárà mi kan wà, Àlàájì ará Ọ̀yọ́ tó ń ta táyà. Nínú ìlú tí gbogbo ẹnu ti ń sọ Píjìn, òun ló máa ń wọlé tí á ní, “Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?” Mo ti sọ “ọmọ mi” yẹn di ti èmi nìkan. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń kùn níta, mo ti tẹ ìwé rẹ̀ tán, ló bá ní òun gbàgbé oríṣi táyà kan. Mo fi kún un. Àtẹ já sí méjì, ibi ìbuwọ́lù bọ́ sí ojú ewé kejì lóun nìkan. Mo tì í títí, kò gbà. Òógùn bò mí.

“Àǹtí, ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀?” ọmọbìnrin náà ní.

Ó gba bébà ọwọ́ Àlàájì, ó kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì, ìwé jáde. Àlàájì tún rántí táyà mìíràn. Ọmọbìnrin náà fi ìlà kan ṣoṣo kún un, ó tẹ bọ́tìnnì, ohun gbogbo dúró sáyè rẹ̀.

“Háà! Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ mà yá o!”

Ọmọ mi ta ni? Èmi ló máa ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́kàn lé. Oníbàárà Warri kì í jókòó de ìwé. Ẹ̀yìn ẹ ló máa dúró sí, á máa mí sí ẹ lọ́rùn: “Push am up small. Ah-ah, e don too much!” Lójú kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin yìí, àmì tó tò bí igi ọgbà nìkan ni wọ́n ń rí. Éjẹ́ǹtì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó lanu.

“Sister, na fence you dey build? Where my invoice?”

“E dey come, oga.”

“E dey come from where? Abeg!” Ó kọjá sọ́dọ̀ mi. “Madam, do am make my eye see am.”

Inú mi dùn, Ọlọ́run ń gbọ́. Àmọ́ n kò tíì fa ìlà àkọ́kọ́ tán tí ìwé rẹ̀ fi jáde lọ́hùn-ún. Éjẹ́ǹtì náà yí i síwá sẹ́yìn, kò rí àléébù kankan.

“Chai! So na hide you hide am.”

Mádàámù ń wò wá. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí á pààrọ̀ àyè.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ká ẹní ọmọ mi. Ọmọbìnrin náà di ẹní mú. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sùn. Kò dí mi lọ́wọ́.” Ǹ bá kọ̀, àmọ́ oorun ọmọ náà dùn. Inúure yẹn tún wá bí mi nínú.

Láti ìdí fọ́tòkọ́pì ni mo ti ń wò wọ́n. Nígbà tí ọmọ mi jí, kò sunkún. Ó di etí yẹ̀rì ọmọbìnrin náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo pè é. Ó wò mí, ó sì padà sídìí yẹ̀rì. Ọmọbìnrin yìí gba Àlàájì, mo fara dà á. Ó gba fáànù, mo fara dà á. Èyí, rárá.

Mo fa àga oníke kan lọ síbẹ̀, mo gbé ọmọ mi sórí itan.

“Ibo lo ti ń bẹ̀rẹ̀?” mo bi í. “Àmì àkọ́kọ́, fi hàn mí.”

Ojú rẹ̀ tàn, ó rò pé a ti di ọ̀rẹ́. “Ẹ wò ó, Àǹtí.”

Mo wò ó dáadáa. Tábìlì mi ni mo fẹ́ gbà padà.